Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Ta Ọkọ̀ Bàbá Mi Lójú Ayé Rẹ̀

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré ní Kokomlemle, ní ìlú Accra, èmi nìkan ni mo máa ń gbọ́ ohun tí bàbá mi bá sọ délẹ̀délẹ̀. Ẹ má rò pé èdè àjèjì ló ń sọ o. Yorùbá ilé wa náà ni, èyí tí àwọn òbí rẹ̀ gbé wá láti Inísà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú láàárọ̀ ọjọ́ kan bó ṣe ń ṣe àlùwàlá. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì fa ẹnu rẹ̀ sápá kan. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde a máa wúwo, a máa lọ́ mọ́ra wọn, bí ìgbà tí ènìyàn fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ìyá mi máa ń gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kù kì í gbọ́ nǹkan kan. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ni mo máa ń jókòó tì í tí mo bá ti ilé-ìwé dé, èmi ni mo ń fi ṣíbí bu kókó sí i lẹ́nu, kò sì pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi.

Ìjọba ológun ti kógbá sílé nígbà náà, a ti dìbò, wọ́n ní olúkúlùkù ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní Ghana. Àwọn ilé rédíò tuntun ń yọ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ènìyàn ń tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ń sọ tinú wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ilé tiwa wá ńkọ́? Ẹnì kan wà nínú ilé tiwa tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, òun sì ló ni ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tó jẹ́ fún yín. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Abossey Okai, ó sì mọ̀ ọ́n ju títà lọ. Ọkọ̀ lè máa kọjá lódìkejì títì, kí ó kàn gbé etí sókè, kí ó ní, "Pílọ́ọ̀gì kan ò tan níbẹ̀ yẹn." Àwọn fítà tó ń tún mọ́tò ṣe fúnra wọn a máa wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ẹlẹ́yìn gígùn kan, aláwọ̀ ìyeyè, tó ti gbó ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Ọkọ̀ yẹn ni ìyá mi fi ń kó ọṣẹ àti aṣọ lọ tà ní ọjà Lapaz. Ìyá mi ló sì ń wà á fúnra rẹ̀, bàbá mi ló kọ́ ọ. Àwọn ènìyàn wa sọ̀rọ̀ títí pé irú ìyàwó wo ni yóò máa di sítíárì mú. Bàbá mi ní kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí àìsàn dé, àbúrò rẹ̀ tí a ń pè ní Bàbá Kékeré ló gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, torí a rò pé ìrànlọ́wọ́ ni. Tó bá wá kí wa nírọ̀lẹ́, yóò dúró lórí ẹní bàbá mi, yóò wo ìyá mi lójú, yóò ní, "Ṣé ó jẹun? Ṣé ó sùn lánàá? Ṣé ó ti yàgbẹ́?" Ẹ gbọ́ mi o! Bàbá mi lajú sílẹ̀, ó ń wò ó. Àwọn àlejò tó kù náà kọ́ ọ lára rẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi lójú bàbá mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi. Mo sọ lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Kékeré, ẹ bi í, ó ń gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Oṣù kẹjọ àìsàn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìyá mi ń bọ̀ láti Lapaz, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ há a mọ́ títì, ló bá rí i pé abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná hàn ti fò lọ sókè pátápátá. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa á, ó dúró títí tó fi tutù, ó rọra wà á wálé. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ó pa á kíákíá nígbà méjèèjì, òun náà ni kò jẹ́ kí ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀. Ló bá sọ fún Bàbá Kékeré, Bàbá Kékeré sì mú fítà kan wá. Ọkùnrin náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi sípánà gbá ara ẹ́ńjìnì pẹ́ẹ́ pẹ́ẹ́, ó mi orí. Kò tó àsìkò tí ènìyàn fi ń mu omi ife kan tán. Ó yíjú sí Bàbá Kékeré, kò wo ìyá mi tó ń wa ọkọ̀ rárá, ó ní, "Alhaji, ínjìn no awu." Ó ní ẹ́ńjìnì ti kú.

Bàbá Kékeré náà mi orí. Ó ní, "Ìyàwó, o gbọ́ fúnra rẹ. Ọkọ̀ tó ti kú, ẹ jẹ́ ká tètè gbé e jáde kó tó di ilé adìẹ. Mo mọ ẹni tó lè rà á. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n ó mú un wá."  Ta ni yóò fi ẹnu rẹ̀ já fítà nírọ́?

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá mi fọwọ́ òsì lu ilẹ̀. Mo wọlé tọ̀ ọ́. Ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí fítà yẹn ṣe.

"Ṣé ó yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì?"

Mo ní rárá.

"Ṣé ó fọwọ́ kan rọ́bà omi?"

Mo ní rárá.

"Ṣé ó ní kí wọ́n tan ọkọ̀ kí òun gbọ́?"

Mo ní kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí ló wá fi mọ̀ pé ó kú? Ṣé ó lá a lálàá ni?"

Mo ké sí ìyá mi, mo tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un. Ó kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ́tò dá kún ara yín."  Bàbá mi yíjú sí ògiri, mo sì rí omi tó ń sàn jáde lójú rẹ̀. Ìyá mi náà rí i. Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró le dáadáa, ó ní, "Ó dáa. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí ilé-ìwé. A gbé bàbá mi sórí àga sẹ́nu ọ̀nà. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí rèdíétọ̀ tí ọkọ̀ bá gbóná, omi rẹ̀ lè bó ojú ènìyàn. Ọkọ̀ ti tutù mọ́jú. Ìyá mi ṣí i, mo wo inú rẹ̀. Omi wà níbẹ̀, kò sí ọ́ìlì tó léfòó lórí rẹ̀. Bàbá mi ní kí n fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ó ní bí ọ́ìlì bá rí bíi kókó tí a da mílíìkì sí, ó túmọ̀ sí pé omi ti wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo gbé ọ̀pá náà lọ síwájú rẹ̀. Ọ́ìlì náà dúdú, ó ń dán. Ó fi ìka òsì tọ́ ọ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó kú kì í rí báyìí."

Ìyá mi wá tan ọkọ̀. Bàbá mi ní ká fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ká sì máa wo abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ń gòkè. Rọ́bà ńlá méjì ló ń gbé omi láàárín ẹ́ńjìnì àti rèdíétọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó ní kí n ká àkísà lé ọwọ́, kí n fọwọ́ kan ti òkè, kí n ṣọ́ra fún fáànù. Mo fọwọ́ kàn án, mo pariwo, ìgbóná náà la àkísà kọjá. Ó ní kí n wá fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ó tutù bí omi àmù. Mo sọ fún un. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ìdajì ẹnu rẹ̀ ló lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà pé.

"Omi ò kọjá," ó ní. "Ilẹ̀kùn ti há."

Ó ṣàlàyé fún wa pé nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbi tí omi ti ń jáde nínú ẹ́ńjìnì, támọsítáàtì ni wọ́n ń pè é. Bí ọkọ̀ bá ṣì tutù, a pa ojú dé. Bí omi bá gbóná, a ṣí, kí omi lè lọ tutù nínú rèdíétọ̀. Bó bá há pa, omi á máa hó síbi tó wà. Kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí ènìyàn lè dì sínú àtẹ́lẹwọ́ kan, òun ni fítà torí rẹ̀ kígbe ikú.

Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá àìmọ̀kan ló bá ọkùnrin náà jà tàbí wọ́n ti jọ sọ ọ́. N kò sì mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Nígbà tí mo dé láti ilé-ìwé, ìyá mi ti fi kẹrosíìnì rin nọ́ọ̀tì méjì tó de támọsítáàtì náà. Ó tú u, mo bá a fà á, awọ ìka mi bó. A so nǹkan náà mọ́ okùn, a rì í sínú ìkòkò omi lórí kóòpọ́ọ̀tì eléèédú tí ìyá mi fi ń se ọbẹ̀. Bàbá mi ní ká gbé ìkòkò náà síbi tí ojú òun á ti tó o. Omi gbóná, omi hó, omi ń tú jáde. Támọsítáàtì náà pa ojú dé gbọnin-gbọnin.

Ó di ká wá tuntun. Èmi àti ìyá mi wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò, lọ sí Abossey Okai, sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Mo ti rò pé inú Bàbá Kékeré á dùn. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, ó ṣàlàyé ohun gbogbo, ó ní kó bá wa mú ọ̀kan níbi tí wọ́n tò wọ́n sí lókè.

Bàbá Kékeré ò dìde. Ó ní, "Ìyàwó, ṣebí mo ti sọ fún ọ pé ẹni tó máa rà á ń bọ̀ lọ́la. Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Ọkọ̀ ò kú, ọkọ mi. Bàbá àwọn ọmọ ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú ọjà. "Ẹni tí kò lè pe orúkọ ara rẹ̀, òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo rí bí ojú ìyá mi ṣe yí padà. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá Kékeré, ó gun àpótí, ó mú páálí kékeré kan sílẹ̀ lórí pẹpẹ, ó fi í sí abẹ́ gèlè rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ni mo dúró sí yìí." A jáde. 

A kọ́kọ́ se tuntun náà nínú omi. Bí omi ṣe ń gbóná ló ń lajú díẹ̀díẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ní kí n gé páálí kàlẹ́ńdà tó ti kọjá ní ìwọ̀n ojú ibẹ̀, kí n fi gíríìsì pa á, kí omi má baà jò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gé e kó tó gbà pé ó dára. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ìyá mi dè é padà, ó tan ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ gòkè dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀. Rọ́bà ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi etí ìró bo ojú.

Ọkọ̀ ṣì wà ní títàn nígbà tí wọ́n dé: Bàbá Kékeré, fítà rẹ̀, àti ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wá ra ọkọ̀, ará Kumasi. Ọkùnrin náà tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì. Ó ní lédè Twi pé, "Èyí tí ẹ ní ó ti kú ló ń dún yìí?" Fítà ń wo bàtà rẹ̀. Ọkùnrin náà yíjú, ló bá rí bàbá mi lórí àga.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," Bàbá Kékeré ní. "Ara rẹ̀ ò yá."

"Ẹ̀gbọ́n wo? Ṣé kì í ṣe pé ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín tó ni ọkọ̀ ti kú?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo wa ló gbọ́ Twi nínú ilé yẹn. Bàbá mi gbọ́ ọ. Ìyá mi pa ọkọ̀.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó wò mí pé kí n sọ ọ́ jáde. Mo ní, "Bàbá ní ẹ̀yin..." Ó fi ọwọ́ òsì lu apá àga gbàgà. Ó ní, "Ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn? Ṣé èmi ni mo pè é ní ẹ̀yin? Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó o sọ ọ́."  Wọn ò bí mi dáa kí n máa sọ "ìwọ" sí àbúrò bàbá mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a sọ ọ́ bí n kò bá sọ ọ́?

Mo ní, "Bàbá ní ìwọ àbúrò òun yìí, o ti fi oṣù mẹ́jọ dúró lórí òun, o ń bi ẹlòmíràn bóyá òun jẹun. O ò bi òun rí. Lónìí o sọ pé òun kú. Ó ní bí o bá ti sin òun, kí o fi ibojì han òun. Ó ní kí o gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù òun sílẹ̀."

Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí. Ará Kumasi yẹn ló di ọwọ́ náà mú. Kò pariwo. Ó ní, "Kì í ṣe ọmọ yìí ló sọ ọ́." Bàbá Kékeré já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ ọ́ sílẹ̀ nínú iyanrìn, ó jáde. Ọkùnrin náà lọ síwájú bàbá mi, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ òsì rẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan ló tọrọ àforíjì nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, òun tí kò sì ṣẹ̀.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà wa wá sílé. Mo rò pé wọ́n wá bá Bàbá Kékeré wí ni. Èmi ni wọ́n wá bá wí o! Wọ́n ní ọmọbìnrin kékeré sọ "ìwọ" sí àgbàlagbà lójú àlejò, wọ́n ní ìtìjú ni fún gbogbo Anago, ìyẹn àwa Yorùbá, tó wà ní Accra. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ Bàbá Kékeré. Irọ́ ikú tó pa mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn ò fẹnu bà á. Ìyá mi fọwọ́ tì mí léjìká, mo kúnlẹ̀. Bàbá mi sọ̀rọ̀ gidigidi láti orí ẹní, ó sọ pé kí n dìde, pé òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ, wọn ò sì jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi ló wá ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ náà. Àwọn awakọ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ wọn wá sí iwájú ilé wa, bàbá mi á gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí àga, èmi á túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn: bátìrì tí orí rẹ̀ ti hu nǹkan funfun bí ẹfun, tí omi gbígbóná máa fọ̀ mọ́, bẹ́líìtì tó ń ké nítorí pé ó ti dẹ̀. Ọdún méjì ni Ọlọ́run fi kún ẹ̀mí rẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún mọ́ láàárín ọdún méjì náà.

Ayé ti yí padà, mo gbà. Ilé àgbàlá tí a gbé ní Kokomlemle ti di ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà ló wà nínú mọ́tò báyìí, wọ́n ti fi ike dúdú bo ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ tiyín ò sì mọ ibi tí wọ́n ń fà kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí. Kó bá mọ síbẹ̀, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, mo gbé ọkọ̀ mi lọ sí ọ̀dọ̀ fítà kan. Ó ti ẹ̀rọ rẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà, ó yíjú sí ọmọkùnrin mi tó ń tẹ fóònù, ó ń ṣàlàyé fún un. Èmi ni mo wà á débẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni kí o sọ ọ́ fún." Ó ní, "Maame, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni," ó sì padà sọ́dọ̀ ọmọ.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé, pé Bàbá Kékeré ti kú, pé àwọn àgbà ìgbà yẹn ti lọ, àti pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn. Mo ti forí jì wọ́n, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí dìde lónìí, tí wọ́n ní kí n tún wá kúnlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, n kò ní kúnlẹ̀.